Ọmọ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀ Nílé

"Kí lo fẹ́, Bámiṣe? Sọ ọ́ kí n gbọ́. Sọ pé omi."

Bámiṣe na ìka sí ife tó wà lórí tábìlì. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ife, ó tún na ìka. Kò sọ nǹkan kan.

"Omi," ni Tinúkẹ́, ìyá rẹ̀, tún wí. "Omi, ọmọ mi. Omi là ń pè é."

Ọmọ náà sún mọ́ tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, bí ẹni tó ń sọ pé ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ká dojú kọ iṣẹ́. Tinúkẹ́ mí kanlẹ̀, ó gbé ife fún un. Bámiṣe mu omi náà tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọbìnrin náà ti lé lọ́mọ ọdún méjì ààbọ̀. Eyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá bí ẹsẹ̀ ọmọ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ilé yẹn.

Rótìmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń wọ bàtà ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò gbójú sókè. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó wà ní SS2, ó sì mọ ohun kan nípa àbúrò rẹ̀ tí ìyá wọn kò mọ̀.

"Rótìmí, tó o bá gbà á lọ́wọ́ mi ní ọ̀sán, ṣé ò ń bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ní kó o máa ṣe?"

"Mò ń bá a sọ̀rọ̀, Mọ́mì."

"Ṣé ò ń kọrin fún un? Ṣé ò ń pa àlọ́?"

"Mò ń pa á, Mọ́mì."

Irọ́ gbuu. Àlọ́ kan ṣoṣo kò jáde lẹ́nu Rótìmí láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà.

Òfin kan ló wà nínú ilé wọn ní Barkin Sale nílùú Minna: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Haúsá kọjá ẹnu ọ̀nà. Kérésìmesì ọdún kan ló bí òfin náà. Wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Rótìmí rí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àgbà, dípò kó dọ̀bálẹ̀, ó di ọwọ́ ní ìkúùkù, ó gbé e sókè, ó ní, "Sannu, Baba." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Títí wọ́n fi padà sí Minna, Gàm̀bàrí ni wọ́n ń pè é. Rótìmí ní tirẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti ìyá rẹ̀ débi pé ó pinnu pé ọmọ tó kàn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Bámiṣe wá la ẹnu níjọ́ kan tó ní "ruwa", tí í ṣe omi lédè Haúsá, Tinúkẹ́ jágbe mọ́ ọn pé, "Rárá o. A kì í sọ ìyẹn níbí." Ọmọ náà wò ó lójú, ó sì pa ẹnu dé. Láti ọjọ́ náà, ìka ló fi ń sọ̀rọ̀ nílé.

Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Àbújá, ìparí oṣù ló ń wálé. Láàárọ̀, Tinúkẹ́ a gbé Bámiṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Sauka Kahuta, a sì gbé fóònù fún un kó máa wo eré ọmọdé títí Rótìmí yóò fi jáde ní ilé ìwé. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ Rótìmí ni ọmọ wà. Ìyẹn ni pé, ọwọ́ Rótìmí ni ìyá wọn rò pé ó wà.

Ní tòótọ́, ilé kejì ni ó máa ń lọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sabirah ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti Bilal ọmọ wọn, tí òun àti Bámiṣe jẹ́ ẹgbẹ́. Haúsá ni wọ́n. Rótìmí a dúró lẹ́nu géètì, a ní, "Maman Bilal, sannu da aiki," ìyẹn ni pé ẹ kú iṣẹ́. Sabirah a ní, "Yauwa, sannu," a sì na ọwọ́ gba ọmọ. Rótìmí sọ fún un pé òun fẹ́ lọ kàwé, obìnrin náà sì rò pé Tinúkẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé tí Rótìmí ń kà ni tẹ́nìsì orí tábìlì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé Lékan ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ má tíì bínú sí i jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé Bámiṣe dání lọ síbẹ̀. Bí Lékan ṣe rí i, ó pariwo pé, "Mai raino ya zo," ìyẹn ni pé ọmọọ̀dọ̀ tó ń gbé ọmọ ti dé. Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ bi í bóyá ó ti fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀rọ̀ náà wọ Rótìmí lára. Ní ọjọ́ kejì ni Bámiṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé Sabirah.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò lé wọn kúrò nídìí tábìlì, Rótìmí sì tètè wá mú àbúrò rẹ̀. Nígbà tó dé géètì Sabirah, ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan tí kò mọ̀ rí. Ó yọjú wò.

Sabirah jókòó lábẹ́ ìbòrí páànù, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ méjèèjì wà níwájú rẹ̀ lórí ẹní. Ó mú ẹ̀wà kan sókè, ó béèrè pé, "Mene ne wannan?" Kí nìyí? Kò wá dáhùn fúnra rẹ̀. Ó kàn dúró, ó gbé ẹ̀wà sókè, ó ń wo Bámiṣe bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé. Bámiṣe wo òkè, ó wo Bilal, ó fa etí ara rẹ̀.

"Wake," ni Bámiṣe wí.

"Wake nawa?" ni Sabirah bi í. Ẹ̀wà mélòó?

Bámiṣe wo inú àwo. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì gbooro. "Da yawa," ló wí, ìyẹn ni pé ó pọ̀ gan-an. Sabirah pàtẹ́wọ́, Bilal náà pàtẹ́wọ́, Bámiṣe sì ń jó lórí ẹní. Adìyẹ kan sáré kọjá, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Kaza." Sabirah bi í pé níbo ni adìyẹ ń lọ. Ó ní ilé ni.

Inú Rótìmí dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sá lọ sí Sauka Kahuta lójú òjò láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí pé bí òun bá ní Bámiṣe ń sọ̀rọ̀, Mọ́mì yóò béèrè pé níbo. Bí òun bá sọ ibi tó jẹ́, yóò béèrè pé kí ló gbé e débẹ̀. Ìdíje ńlá tí Lékan ṣètò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Rótìmí gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé òkèlè gbígbóná mì, ó gbé àbúrò rẹ̀ lé èjìká, wọ́n lọ sílé.

Ní Ọjọ́rú, fóònù Tinúkẹ́ dún. Màmá Àgbà ni, ìyá bàbá wọn, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn màmá kì í nílò fóònù kó tó dé Minna, nítorí náà Rótìmí gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Rótìmí, ṣé ọmọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ̀rù ti ń bà mí. Bóyá etí rẹ̀ ni kò gbọ́ràn."

"Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá dé tí kò bá dá mi lóhùn, màá gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọdé kún ilé mi, wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn. Níbẹ̀, yóò sọ̀rọ̀."

"Fún ìgbà wo, Màmá?"

"Títí tí ẹnu rẹ̀ yóò fi là dáadáa. Ó lè tó ọdún kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀."

Tinúkẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bámiṣe lọ bá a, ó fi ọwọ́ nu ojú ìyá rẹ̀, ó nawọ́ sí Rótìmí bí ẹni pé kí ó wá ràn án lọ́wọ́. Rótìmí ro ilé náà láìsí Bámiṣe, láìsí ẹni tí yóò dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tó bá wọlé. Ó la ẹnu láti sọ òtítọ́, ó tún pa á dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀nà àbáyọ kan wà: òun yóò kọ́ ọmọ náà ní Yorùbá kí ó tó di Sátidé.

Ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì pẹ̀lú páálí bisikíìtì kan.

"Bámiṣe, sọ pé 'ẹ káàbọ̀, Màmá'. Sọ ọ́ kíá. Ẹ káàbọ̀. Ṣé o gbọ́? Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ó yá, sọ ọ́. Ẹ káàbọ̀."

Ọmọ náà wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹ̀rọ. Bó bá ti fẹ́ la ẹnu, Rótìmí a ti tún sọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó gba bisikíìtì, ó jẹ ẹ́, ó na ọwọ́ fún òmíràn. Páálí bisikíìtì tán, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí inú run ọmọ náà.

Màmá Àgbà dé ní ọ̀sán Sátidé pẹ̀lú àpò gààrí àti ẹ̀rín tó kún ẹnu. Adéjùmọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ìlú Minna yìí ni ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ló sì bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, kí ó tó padà sílé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ti kọ́gbọ́n.

"Dìde, Àkànjí," ni màmá wí, nítorí oríkì rẹ̀ ló ń pè é. "O ti fẹ́ ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ìyàwó mi dà?"

Bámiṣe, ìyàwó rẹ̀, wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ Rótìmí. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó pè é, ó kì í, ó bi í pé ṣé dáadáa ló wà. Kí Bámiṣe tó mí, Tinúkẹ́ ti ní, "Sọ pé ẹ káàbọ̀, Màmá. Kúnlẹ̀. Sọ ọ́." Rótìmí náà ní, "Sọ ọ́, Bámiṣe, rántí bisikíìtì." Ọmọ náà wo gbogbo wọn, ó sì fi ojú pamọ́ sínú ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Màmá wò ó pẹ́. "Ó dáa," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kó aṣọ rẹ̀ jọ, Ìyá Rótìmí. Lọ́la tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ó máa lọ."

Tinúkẹ́ kò jiyàn. Ó wọ yàrá lọ, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa dúrọ́ọ̀ ṣí. Ní àkókò yẹn gan-an ni Lékan súfèé lẹ́yìn ògiri. Ìdíje ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Rótìmí ló sì kàn láti kọ́kọ́ gbá. Ó mú báàtì tẹ́nìsì rẹ̀, ó yọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Bámiṣe sáré tẹ̀ lé e, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, ó na ìka sí ilé Sabirah, nítorí ohun tó mọ̀ ni pé bí Rótìmí bá ti mú báàtì, ilé Bilal ti yá. Rótìmí gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fa síìpù báàgì nínú yàrá.

Lékan súfèé lẹ́ẹ̀kejì.

Rótìmí gbé báàtì sórí àga, ó padà wọlé, ó sì kúnlẹ̀ níwájú màmá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ. Bámiṣe ń sọ̀rọ̀."

Tinúkẹ́ jáde pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. "Kí lo wí?"

"Haúsá ló ń sọ, Mọ́mì. Ó ń sọ ọ́ dáadáa. Lọ́dọ̀ Màmá Bilal. Ibẹ̀ ni mò ń fi í sí lójoojúmọ́ tí mo bá lọ gbá tẹ́nìsì. N kò pa àlọ́ kankan fún un rí."

"Rótìmí. O mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, o sì ń wò mí tí mò ń sunkún?"

Omijé ti dé ojú Rótìmí náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ti Rótìmí kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Tinúkẹ́ ti na ọwọ́ láti fa etí rẹ̀, àmọ́ Màmá Àgbà gbé ọwọ́ sókè.

"Fi í sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n ríran."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó sì yí ojú sí ọmọ náà.

"Zo nan, 'yar albarka," ló wí, Haúsá rẹ̀ sì ń ṣàn geere bí ti ẹni tí wọ́n bí sí Kánò. "Ni ce kakarki. Me kike so?" Ó ń sọ pé kí ọmọ oníbùkún sún mọ́ òun, pé òun ni ìyá àgbà rẹ̀, kí ni ó fẹ́?

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Tinúkẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, màmá fi ìka bo ẹnu. Bámiṣe wo màmá. Ó yí ojú wo ìyá rẹ̀, ó wò ó tìfura-tìfura, bí ẹni tó ń wò bóyá wọn yóò jágbe mọ́ òun. Ìyá rẹ̀ rí ìwò náà, ó sì yé e. Ó rọra mi orí sí i pé kó máa sọ.

"Ruwa," ni Bámiṣe wí wẹ́rẹ́. Ó tún rò ó díẹ̀. "Mai sanyi."

Omi tútù ló fẹ́.

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Tinúkẹ́ jókòó sórí báàgì aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò mọ èyí tí òun ì bá mú níbẹ̀. Bámiṣe wá rí i pé kò sẹ́ni tó jágbe, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: Bilal, adìyẹ, ẹ̀wà tó pọ̀ gan-an, òjò tó bọ́ sínú abọ́. Àfi bí ẹni pé gbogbo oṣù tó fi dákẹ́ ló fẹ́ san lẹ́ẹ̀kan.

"Ọmọ yìí kò yadi," ni màmá wí nígbà tó rójú mí. "Ilé yín ló yadi."

"Màmá, Yorùbá ni mo fẹ́ kó sọ."

"Ta wá ló ń sọ ọ́ sí i létí? Ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù ni. Nílé, Àkànjí gbé e jù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó wá rí mú wálé, o lé e padà sẹ́nu ọ̀nà. Ìlú yìí ni mo ti tọ́ bàbá wọn. Tó bá sọ Haúsá sí mi, màá dá a lóhùn, màá wá fi Yorùbá lé e. Ṣé ọkọ rẹ kò gbọ́ Yorùbá ni?"

"Ó gbọ́ ọ ju èmi lọ," ni Tinúkẹ́ wí, ó sì fi ìdí ìró nu ojú.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọjá sí ilé kejì láti lọ dúpẹ́. Nígbà tí Sabirah gbọ́ ìtàn náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ashe ba ki sani ba?" ló bi Tinúkẹ́: ṣé o kò mọ̀ ni? Ó yí ojú sí Rótìmí, ojú náà sì mú kí ilẹ̀ wu ú láti wọ̀. Tinúkẹ́ fi Haúsá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lójú Bámiṣe, ọmọ náà sì ń wo ẹnu ìyá rẹ̀ tìyanu-tìyanu.

Rótìmí pàdánù ìdíje. Ẹlòmíràn gba ipò rẹ̀, Lékan kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá rẹ̀ gba báàtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sókè àpótí. Màmá Àgbà dúró sí Minna fún ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ tó gbé fún Rótìmí ni pé ohunkóhun tó bá ń ṣe, kí ó máa sọ ọ́ fún Bámiṣe.

"Kí ni màá máa sọ, Màmá? Kò sí ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ ilé."

"Tó o bá ń fọ abọ́, sọ abọ́. Tó o bá ń ká aṣọ, bi í pé ta ló ni èyí. Béèrè, kí o wá dúró. Ìwọ a máa béèrè, o tún ń dáhùn. Ọmọdé ní láti wá ọ̀rọ̀ kó tó rí i."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Rótìmí rò pé òun ń ya wèrè. Ó ń sọ̀rọ̀ sí ṣòkòtò, sí ìgbálẹ̀, sí alángbá. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bámiṣe sọ "kaza", Rótìmí ní, "Ẹ̀ẹ́n, kaza ni. Adìyẹ." Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó di aṣọ bàbá wọn mú, ó bi í pé ta ló ni í, ó sì fi ara balẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn fúnra rẹ̀. "Dádì," ni Bámiṣe wí. Tinúkẹ́ náà ti fi fóònù sínú àpò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fún ọmọ ní àjákù aṣọ kó máa sọ àwọ̀ wọn. Èyí tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé Rótìmí, tí wọ́n ń pè ní Gàm̀bàrí, bẹ̀rẹ̀ sí í bi màmá ní àlọ́. Kí ó lè rí ohun pa fún àbúrò rẹ̀ ni.

Nígbà tí báàtì sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí, Rótìmí gbé Bámiṣe lé èjìká, wọ́n gba ilé Lékan lọ.

"Mai raino ya zo," ni Lékan pariwo.

"Èmi ni," ni Rótìmí dáhùn. "Ẹ fún àbúrò mi ní ìjókòó."

Wọ́n dojú kéréètì kan dé fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń gbá, Rótìmí ń ka ojú àmì sókè fún un, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, Bámiṣe sì ń tẹ̀ lé e bó ṣe wù ú. Òun àti Lékan gbá a títí tí wọ́n fi dọ́gba, tó ku àmì kan ṣoṣo. Rótìmí gbá bọ́ọ̀lù kan tó le. Ó fò kọjá lẹ́bàá tábìlì, ó bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Ó ba etí tábìlì," ni Rótìmí wí. "Mo ti jẹ."

"Ó ba kí ni? Ó jìnnà sí i."

"Lékan, mo rí i. Ó bà á."

Wọ́n ń jiyàn, àwọn tó ń wòran pín sí méjì. Ohùn kékeré kan wá jáde láti orí kéréètì.

"Kò bà á," ni Bámiṣe wí. "Ó jáde."

Gbogbo wọn yí ojú sí i. Yorùbá ni, ó mọ́ gaara, ẹnikẹ́ni kò sì fi bisikíìtì bẹ̀ ẹ́. Lékan gbé báàtì sókè, ó ní adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Rótìmí ti pàdánù, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí Lékan ń wí. Ó ti gbé àbúrò rẹ̀, ó ti ń sáré lọ sílé, ó ń pe Mọ́mì láti òkèèrè.

"Tún un sọ," ló wí fún Bámiṣe nígbà tí ìyá wọn yọ sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́tẹ̀ yìí ó rántí, ó sì dúró dè é.

"Rótìmí purọ́," ni Bámiṣe wí. "Ó jáde."

Tinúkẹ́ di àwọn méjèèjì mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi àbúrò síkàáwọ́ yín, ẹ rántí Rótìmí. A kì í fi fóònù tọ́ ọmọ, a kì í fi igbe kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀, a kì í sì í gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn ká wá máa purọ́. Ẹni tó bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, tó sì ń ní sùúrù gbọ́ èsì rẹ̀, ni ọmọdé ń la ẹnu fún. Kí ẹ sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ó bá là á, ó lè jẹ́ ẹjọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ rò.